Ọrọ̀ Obìnrin, Ọrọ̀ Áyọ́ọ̀nù

Urmila ọmọ mi,

Ṣé ara rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun, ṣé òtútù Kanpur kò pọ̀ jù? Ọlọ́run tó mú bàbá rẹ lọ kò ní mú ẹlòmíràn kún un lọ́dún yìí. Èmi náà ṣì ń jí. Ewúrẹ́ bí méjì, ọ̀kan kú.

Lọ́yà obìnrin tí o bá mi wá sọ lórí fóònù pé kí n béèrè istridan mi lọ́wọ́ Bechan, àbúrò bàbá rẹ, pé òfin ní ti opó ni. O mọ̀ pé istri ni à ń pe áyọ́ọ̀nù, dan sì ni ọrọ̀. Mo ní, áà, òfin mọ bàbá rẹ, ẹni tó fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ aláṣọ títí ó fi kú.

Mo bá tọ Bechan lọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun ti di adájọ́, ó ní ṣé kí òun máa fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi bí ẹni ń kí àgbà kóun tó jẹun ni. Ó gbé áyọ́ọ̀nù náà fún mi, tòun ti eérú inú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó kó àwọn àgbà abúlé jọ, wọ́n bi mí bóyá mo ti gba istridan mi pé. Mo ní ó pé. Wọ́n ní kí n búra, mo sì búra. Àgbà kan ní obìnrin yìí ò lójúkòkòrò, ó dùn mọ́ mi.

Nígbà tí mo ròyìn fún lọ́yà, ó ní kí ni mo gbà gan-an. Mo gbé áyọ́ọ̀nù síwájú fóònù, mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, ó lóun ò rí nǹkan kan. Bá mi bẹ̀ ẹ́ kó lọ fi ojú han dókítà. Ó wá fi sùúrù là á yé mi pé ọ̀rọ̀ méjì ni, ẹnu wa lábúlé ló sọ wọ́n di ọ̀kan. Istri ti áyọ́ọ̀nù, àwọn Potogí ló fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá. Èkejì, stri, obìnrin ni, ó ti wà nínú èdè àwọn baba ńlá wa kí irin kankan tó lọ aṣọ. Ahọ́n wa ni kò lè gbé s àti t pọ̀ láìfi lẹ́tà i ṣáájú. Ọrọ̀ obìnrin ni ohun tí bàbá, ìyá àti arákùnrin rẹ̀ fún un níwájú iná ìgbéyàwó, àti èyí tí wọ́n fi sìn ín lọ sílé ọkọ. Ọkọ kò ní in, kò sì lè di ogún àbúrò ọkọ. Ẹ̀gbà ẹsẹ̀ fàdákà mi nìyẹn, àti àwọn ìkòkò idẹ, àti màlúù tí bàbá mi fà wá. Àwọn náà, tí Bechan kó sọ́dọ̀ nígbà tí bàbá rẹ kú, ni ó fẹ́ fi sin ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ sílé ọkọ nínú oṣù Phagun.

Lọ́yà ní kò tíì pẹ́ jù, kí n lọ sọ fún àwọn àgbà pé n kò mọ ìtumọ̀ ohun tí mo búra lé. Mo ní n kò lè lọ. Wọn ò jẹ́ kí n fi orí ara mi búra, wọ́n ní orí opó kò tó nǹkan kan. Orí rẹ ni wọ́n ní kí n fi búra, Urmila. Bí mo bá yí i padà, ta ni ìbúra náà yóò mú? Lọ́yà ní àwọn ará àtijọ́ ló ń bẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Òun kọ́ ló bí ọ.

Fi rúpì díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra èédú, aṣọ aláṣọ ti ń wọlé fún mi láti lọ, ọwọ́ mi sì ti ń mọ̀ ọ́n. Má bá Bechan jà. O ò ní ṣe opó, àwọn ọmọ rẹ ni yóò sin ọ́. Kọ̀wé kíákíá, kí o sọ fún mi bóyá orí ti fọ́ ọ láti ọjọ́ tí mo búra.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ramdulari