Sáìtì Tí Mo Mú Àdá Wá Kiri

Àkọ́bí mi, ọmọ tó gbọ́n ju bàbá rẹ̀ lọ tí kì í sì í jẹ́ kó dun bàbá rẹ̀,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ kì í yọ ọ́ lẹ́nu? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ adìẹ tó ń sọdá títì yóò máa ṣọ́ ọ nínú ìlú ńlá yẹn. O kò ní jábọ́ lórí àtẹ̀gùn, àtẹ̀gùn náà kò sì ní jábọ́ lù ọ́. Àmín. Ìyá rẹ kí ọ, àmọ́ ó ní kí n má kọ ọ́ pé òun kí ọ púpọ̀, torí pé o ti pẹ́ tí o ti pè é kẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin náà kí ọ. Orúnkún wọn ṣì ń dùn wọ́n, ẹnu wọn nìkan ni kò ṣàìsàn.

Ọ̀rọ̀ sáìtì ló jẹ́ kí n kọ ìwé yìí. O rántí pé o pè mí, o ní o ti ṣí sáìtì fún ṣọ́ọ̀bù wa lórí ayélujára, pé gbogbo ayé yóò máa wọlé wá wo bẹ́ẹ̀dì, àpótí aṣọ àti pósí tí mò ń kàn, láìbọ́ bàtà. Inú mi dùn. Mo bi ọ́ pé apá ibo ló wà, o bú sẹ́rìn-ín, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì já. Ìwọ náà mọ̀ pé sáìtì tí èmi mọ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń po sìmẹ́ǹtì. Mo bá mú àdá, mo mú okùn ìwọ̀n, mo lọ bá awọnlẹ̀ pé kó fi ilẹ̀ tí ọmọ mi rà hàn mí kí koríko tó bò ó. Ó bi mí pé ọwọ́ ìdílé wo la ti rà á. Mo ní ọwọ́ ìdílé Íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó yẹ ìwé wò títí, ó ní òun kò mọ ìdílé náà rí, ṣùgbọ́n kí n ṣọ́ra, àwọn tí èèyàn kò mọ̀ ló máa ń ta ilẹ̀ kan náà fún ẹni púpọ̀.

Mo délé, mo rò ó, mo tún un rò. Mo ní bí gbogbo ayé bá ti ń wọlé ní sáìtì, kí la tún ń fi pátákó ìpolówó ṣọ́ọ̀bù wa ṣe ní oríta? Mo hú u. O mọ̀ pé pákó gidi ni, ikán kò jẹ ẹ́ rí, mo bá fi ṣe ìsàlẹ̀ pósí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ṣaláìsí lọ́sẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín tán ni ìyá rẹ tó rán mi létí pé n kò pa ọ̀rọ̀ ara pákó náà rẹ́. Ó túmọ̀ sí pé bàbá olóògbé sùn lé “Ẹ yà sọ́dọ̀ wa, ẹ ó tún padà wá.” Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó gbọ́ràn.

Mo tún sọ fún Ẹnu-Ò-Sinmi, ọkùnrin tó ń fi alùpùpù gbé gbohùngbohùn kiri ìgboro polówó ọjà wa, pé kó lọ sinmi. Mo ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ rédíò pé kí wọ́n dá ìpolówó wa ti àárọ̀ dúró. Mo wẹ̀, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí o rà fún mi, mo jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, mo ń retí gbogbo ayé.

Ayé kò wá. Eṣinṣin kan wá, ó bà lé bẹ́ẹ̀dì, kò bá mi ná an, ó lọ.

Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń sọ ọ́ láàárín ara wọn pé pátákó káfíńtà kò sí ní oríta mọ́, rédíò kò dárúkọ rẹ̀, Ẹnu-Ò-Sinmi náà dákẹ́, àfàìmọ̀ kí bàbá náà má ti lọ. Àna wa kan wọlé tẹkúntẹkún, ó bá mi níbi tí mo ti ń jẹun, ó sì bínú sí mi pé mo jẹ́ kí ẹkún òun ṣòfò. Káfíńtà òdìkejì títì, èyí tí wọ́n ń pè ní Ìṣó-Kan torí pé ìṣó kan ló fi ń dá àga dúró, ránṣẹ́ ìbánikẹ́dùn sí ìyá rẹ, ó ní òun yóò bá a kan pósí ọkọ rẹ̀ ní ẹ̀dínwó. Ìyá rẹ kò bínú o. Ó bi í pé èló.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé ìtura sí ìlú kejì ti rí bẹ́ẹ̀dì wa lórí sáìtì rẹ, ó sì fẹ́ fún gbogbo yàrá rẹ̀. Ó wakọ̀ wá, ó yí oríta po, yí oríta po, kò rí pátákó, ó bá yà sọ́dọ̀ Ìṣó-Kan láti béèrè. Ìṣó-Kan káwọ́ lérí, ó ní háà, bàbá yẹn ti kú, àmọ́ òun náà ń kan bẹ́ẹ̀dì. Ọmọlúàbí ni ọkùnrin náà, ó ní kí òun kọ́kọ́ bá ẹbí òkú kẹ́dùn, ó tẹ nọ́ńbà tó wà lórí sáìtì. Èmi ni mo gbé e. Ó ní ẹ kú ìdárò bàbá. Mo ní bàbá wo? Ó ní bàbá káfíńtà. Mo ní èmi náà nìyí. Mo gbọ́ bí fóònù ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá rẹ ló já fóònù gbà, tó ń pariwo pé kó má sá, pé bí mo bá kú, òun ni òun yóò kọ́kọ́ mọ̀, torí pé híhanrun mi yóò dáwọ́ dúró, òun á lè sùn. Ọkùnrin náà wá, ó dúró sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó ní kí n wúkọ́. Mo wúkọ́. Ó ní kí n rìn kí òun wo ẹsẹ̀ mi bóyá ó ń kan ilẹ̀. Mo rìn. Ìgbà yẹn ló tó jókòó, tó ní bàbá, ẹ gbọ́. Ó ní rédíò ni òun ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ wa kí n tó dá a dúró, òun wá lọ wo sáìtì kí ojú lè rí ohun tí etí gbọ́, ibẹ̀ lòun ti mọ̀ pé iṣẹ́ wa dára. Ṣùgbọ́n pátákó ló yẹ kó mú òun dé ẹnu ọ̀nà, òun kò sì bá a. Ó ní àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í ṣe orogún ara wọn, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ojú tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mo mi orí, mo ní ohun tí èmi náà ń rò nìyẹn.

Ó ra bẹ́ẹ̀dì gbogbo yàrá náà lọ́wọ́ wa. Mo ti kan pátákó tuntun. Ẹni tó ń kun ún bi mí pé kí ni wúwúwú tó ṣíwájú àdírẹ́sì sáìtì náà. Mo ní Wá, Wò, Wọlé. Ó ní áà, àwọn tó ṣe é gbédè o. Rédíò ti ń dárúkọ wa. Ẹnu-Ò-Sinmi náà ti padà, àmọ́ iwájú ilé ìwòsàn ló lọ dúró sí, tó ń kígbe pé pósí wa fẹ̀ dáadáa, kí wọ́n yára wò ó lórí fóònù kó tó pẹ́ jù. Nọ́ọ̀sì lé e. Ṣùgbọ́n bàbá kan tí kò lè dìde tẹ́lẹ̀ dìde lọ́jọ́ náà, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé, ó ní òun kò rajà.

O ní kí n fi ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà ránṣẹ́ kí o fi sí sáìtì. Ti bẹ́ẹ̀dì rọrùn, wọ́n ń yìn ín. Ti pósí, kọ ọ́ pé kò tíì sí ẹni tó lò ó tó padà wá fẹjọ́ sùn.

Wọ́n ní ọdọọdún ni sáìtì náà ń gbowó bíi ilé àyágbé. Jọ̀ọ́, bá mi bi onílé náà bóyá yóò gba àga. Bí kò bá gbà, ìwọ ni kí o bá wa san án, kí o sì fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún ọ̀dà pátákó àti epo alùpùpù, torí ìyá rẹ ti fi owó onílé ìtura ṣe òrùlé ilé ìdáná.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Onídìrí ẹ̀gbẹ́ ilé wa fi sáìtì náà hàn wá lórí fóònù rẹ̀ lánàá. Mo rí ara mi, mo rí ìyá rẹ, mo rí ewúrẹ́ tó ń kọjá lẹ́yìn wa. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣẹ́ ìdílé ni. Ìyá rẹ ń fi ìka ti àwòrán sókè, ó ń tì í sísàlẹ̀, ó ń wá ọ, kò rí ọ. Ó dá fóònù padà fún onífóònù. Ọmọ mi, àwọn tí a kò mọ̀ rí ti ń wọlé wa láìkanlẹ̀kùn. Ìwọ náà wá ká jọ ya àwòrán mìíràn.

Ibi tí o bá fọwọ́ kàn yóò dára, ẹni tí o bá bá pàdé yóò ṣe ọ́ lóore, ọ̀nà ilé kò ní jìn jù fún ọ.

Èmi bàbá rẹ.