Ẹni Tó Bá Ń Pè, Kó Yọjú

Tèmilọlá ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Ajégúnlẹ̀? Ebimobowei ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé àwọn tírélà Creek Road ṣì ń jẹ́ kó délé bá oúnjẹ gbígbóná? Olúwa tó ń ṣọ́ wa níbí kò ní sùn lọ́dọ̀ yín. Ewúrẹ́ mi bí ìbejì, afẹ́fẹ́ ká páànù ilé ìdáná lọ, mo sì ti yọ akápò ẹgbẹ́ onígàrí, torí gbogbo nǹkan ló máa ń ní kó di ọ̀la.

Èmi kò fẹ́ràn ọ̀la, ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyí. Ebinimi ọmọ rẹ, tí o ní kó sinmi lọ́dọ̀ mi títí ilé ìtọ́jú ọpọlọ àwọn ọmọdé ní Apapa yóò fi pè é, ṣì ń gbọ́ ẹni tó ń pe orúkọ rẹ̀ níbi tí kò séèyàn. O ní ẹ̀yìn gọ́tà yín ló ti bẹ̀rẹ̀. Níbí, ẹ̀yìn ibi tí a ń sá ẹ̀gẹ́ sí ni, lọ́sàn-án gangan. Mo kọ́ Ebinimi ní ohun tí ìyá mi kọ́ mi: bí o bá gbọ́ orúkọ rẹ, tí o kò rí ojú ẹni tó pè é, má dáhùn. Ọmọ náà gbọ́ràn.

Lọ́jọ́ Ajé, fóònù tí o fi lé e lọ́wọ́ dún. Obìnrin kan tí a kò rí ojú rẹ̀ ní, Ebinimi, ṣé ìwọ nìyẹn? Ọmọ la ẹnu, mo fọwọ́ bò ó. Mo sọ fún fóònù náà pé ẹni tó bá bá ire wá kó yọjú. Ó tún pè, mo tì í sísàlẹ̀ àpò gàrí, ó ń kùn níbẹ̀ bí oyin. Nígbà tó dákẹ́, ó kọ̀wé sójú ara rẹ̀. Ebinimi kà á fún mi pé ilé ìtọ́jú pè é títí, kò jẹ́, wọ́n ti fi àyè rẹ̀ fún ọmọ mìíràn, kó tún lọ tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn ní, Màmá àgbà, ẹni tó fẹ́ gbà mí lẹ ní n má dá lóhùn.

Mo ṣì í, ó parí. Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé ìtọ́jú náà ńkọ́? O ní wọ́n ti tún ètò ṣe, ọmọdé kì í tò sẹ́yìn àgbà mọ́. Ó dáa. Àmọ́ ọmọ tí ohùn lásán ń dẹ́rù bà, ohùn lásán náà ni wọ́n tún fi ń pè é? Kí wọ́n rán ẹlẹ́sẹ̀ méjì wá, kó jókòó, kó jẹ ẹ̀bà, kí ọmọ wo ojú rẹ̀.

Lánàá, lọ́sàn-án gangan, fóònù ti kú sínú àpò, ìpè wá láti ẹ̀yìn ibi ẹ̀gẹ́. Kò pè é ní Ebinimi. Àwẹ̀ró ló pè é, oríkì tí èmi nìkan fi ń ki ọmọ náà. Tèmilọlá, ohùn rẹ ni. Ẹnu mi ti là tán kí ọmọ rẹ tó fọwọ́ bò ó. Ó rọra bi mí pé, Màmá àgbà, ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ? Ó wá rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó dé.

A kò ní dúró de ìpè kankan mọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ́jú náà la ó jókòó sí títí wọn yóò fi rí wa. Fi owó ọkọ̀ lé Ovie, awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá, lọ́wọ́. Má rọ ọ́ sínú fóònù o, ẹni tó wà níbẹ̀ á kọ́kọ́ mú tirẹ̀. Olúwa yóò jẹ́ kí ire máa fi ojú hàn ọ́, ọmọ rẹ yóò sì jẹ́ ìpè rere.

Bí a bá kan ilẹ̀kùn yín, jọ̀ọ́, má pè wá láti inú ilé. Jáde síta, ká kọ́kọ́ rí ojú rẹ.

Ìyá rẹ,
Philomena