Ohun Mímu Tí Sùlù Ní Kí Awakọ̀ Rẹ̀ Tọ́ Wò

Poudrière, Niamey,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù karùn-ún, ọdún 2004.

Gàfárù ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Tinúkẹ́ aya rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Ṣé ara yín le? Ṣé ooru ti Parakou kò pọ̀ jù? Níhìn-ín, ooru ń sè wá bí ẹni ń se iṣu, ṣùgbọ́n àlàáfíà ni a wà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Ọba. Aṣọ ń tà díẹ̀díẹ̀ ní ìsọ̀ wa ní Grand Marché. Ràódátù àbúrò rẹ ní kí n kí ọ. Mo mọ̀ pé o máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mi ò fi tẹ̀ ọ́ láago. Ọ̀rọ̀ yìí gùn, mi ò sì fẹ́ kí o já lu ọ̀rọ̀ mi. Jókòó, kí o kà á tán.

Ọ̀rọ̀ Sùlù ni, ọmọ Kúbúrátù olóògbé, ọ̀rẹ́ rẹ tí o ní kó wá fẹ́ àbúrò rẹ. Ṣé o mọ̀ pé kò jẹ́ Sùlù mọ́? Mèsìé Souleymane ni. Ó fẹ́ di kọ́ńsẹ́yé nínú ìdìbò oṣù keje, ọ̀kan nínú àwọn tí yóò máa jókòó gbọ́ ẹjọ́ gọ́tà àti pàǹtí àdúgbò. Nítorí èyí, ó ti lẹ fọ́tò ara rẹ̀ mọ́ ògiri láti Poudrière títí dé àdúgbò Dar es Salam níbí, ó fẹyín bí ẹni tí wọ́n fi oyin pa létè. Ẹni tó ń du ipò olórí orílẹ̀-èdè kò gbéra ga tó bẹ́ẹ̀! Bí mo bá fi Yorùbá kí i, Faransé ló fi ń dá mi lóhùn. Wọ́n ní àwọn alátakò rẹ̀ ń pè é ní àjèjì, ìdí nìyẹn tí kò fi fẹ́ kí wọ́n gbọ́ Yorùbá lẹ́nu òun. Mo gbọ́ ìdí náà, mi ò kàn gbà á ni. Bàbá yín náà jẹ́ àjèjì níbí títí ó fi kú, kò sì fi ahọ́n rẹ̀ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ní Sátidé tó kọjá, ó tẹ̀ mí láago pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì láti wá bá mi sọ ọ̀rọ̀ Ràódátù. Mo ní kò burú, mo máa ṣe bísápù, omi ìṣápá pupa, sílẹ̀ dè é. Ó rẹ́rìn-ín. Ó fi Faransé ní, "Màmá, bísápù kọ́. Ẹ ṣe kọktéèlì, èyí tí kò ní ọtí, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní hòtẹ́ẹ̀lì." Gàfárù, ṣé o gbọ́? Ẹni tó ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ mi ló ń pàṣẹ ohun tí màá gbé fún un mu! Mo gbé e mì nítorí tìrẹ. Ìwọ lo bẹ̀ mí, o ní ó ti ṣèlérí láti bá ọ wá iṣẹ́ síbí, kí o lè padà wálé.

Mo sì ṣe é o, mo ṣe é dáadáa, torí èmi kì í fi ìbínú ba ohun tí a ó fi sẹ́nu jẹ́. Mo ra ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó dé láti Kùtọnu, mo ra máńgòrò tó pọ́n dénú, ọsàn mímu àti ọsàn wẹ́wẹ́. Èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó yẹn, mi ò dà á nù. Mo fọ̀ ọ́ mọ́, mo sè é pẹ̀lú atalẹ̀ àti kànáfùrù díẹ̀, mo sẹ́ ẹ, mo jẹ́ kó tutù. Iná ti lọ láti àárọ̀, ẹ̀rọ ìlọta kàn jókòó lásán ni. Odó ni mo fi gún ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ọwọ́ ni mo sì fi tẹ máńgòrò lórí asẹ́ títí kò fi ku okùn kankan nínú rẹ̀. Mo fún ọsàn mímu sí i. Ọsàn wẹ́wẹ́ ló kẹ́yìn, torí bí ó bá pẹ́ jù nínú rẹ̀, á korò. Mi ò fi ṣúgà sí i rárá, adùn máńgòrò ti tó o. Ràódátù já ewé mínǹtì tí àwọn ará ibí ń fi sínú tíì, ó bu yìnyín sí i, ó gé ọsàn róbótó-róbótó, ó fi há etí ife. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì ló dé. Fọ́tò ojú rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn mọ́tò tó gbé e wá, awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Ousmane ló sì wà á wá. Sùlù wọlé, kò dọ̀bálẹ̀, kò tilẹ̀ tẹ orí ba. Ọwọ́ ló nà sí mi, kí n bọ̀ ọ́. Èmi fúnra mi ni mo gbé ife fún un. Ó wo inú ife, ó mì ín, ó gbóòórùn rẹ̀. Ló bá kígbe pe Ousmane wọlé, ó gbé ife lé e lọ́wọ́, ó fi Faransé ní kó tọ́ ọ wò. Ohun tí mo fi ọwọ́ mi ṣe! Ojú ti Ousmane, ó mu ẹnu kan. Sùlù tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó ń retí kó ṣubú lulẹ̀. Kàkà kí Ousmane ṣubú, ó gbé ife náà gbẹ, ó nu ẹnu, ó nà án sí mi, ó fi Hausa sọ pé, "Hajiya, a ƙara." Ó ní kí n tún bu sí i.

Mo bu òmíràn fún un, ó tọ́ sí i. Sùlù fi Faransé ní, "Màmá, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ ààbò ni. Ìgbà ìdìbò la wà, ọ̀tá pọ̀." Mo bi í pé, "Sùlù, ta ló fẹ́ pa ọ́? Ta ló mọ̀ ọ́ tó bẹ́ẹ̀?" Ọmọ tó jẹ́ pé inú àwo kan náà ni ìwọ àti ẹ̀ ti ń jẹun nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn! Ọmọ tí mo ń fi ṣíbí da àgbo sí lẹ́nu nígbà tí ibà fẹ́ gbé e lọ! Bí mo bá fẹ́ pa á, ṣé ìgbà tó sanra tó báyìí ni mo máa dúró dè?

O mọ̀ pé àbúrò rẹ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, Yorùbá rẹ̀ kò sì jinlẹ̀. Síbẹ̀, Yorùbá ló fi bá a wí lọ́jọ́ náà. Ó dìde, ó ní, "Sùlù, o ń bẹ̀rù ọwọ́ ìyá mi. Tí mo bá dáná fún ẹ, ta ló máa tọ́ ọ wò? Ousmane á wá máa gbé pẹ̀lú wa? Non. Mi ò fẹ́ ẹ." Ó pe Sùlù tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún un ní "o", mi ò sì bá a wí. Ìgbà yẹn ni Sùlù wá na ọwọ́ sí jọ́ọ̀gì, ó ní òun máa mu ún, òun máa mu ún tán pàápàá. Ràódátù ti gbé jọ́ọ̀gì jáde fún àwọn aládùúgbò lábẹ́ igi dóńgóyárò. Ló bá kọjú sí mi, ó ní, "Ṣùgbọ́n Gàfárù ti gbà." Mo ní, "Gàfárù kọ́ ló bí i." Mi ò sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Láti ọjọ́ náà, ó ti rán àwọn àgbà méjì láti wá bẹ̀ mí. Omi lásán ni mo gbé fún wọn. Wọ́n bẹ̀ mí títí, wọ́n bẹ Ràódátù títí, ó ní òun ti sọ̀rọ̀ tán.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ tó ṣèlérí fún ọ máa dùn ọ́. Ó dun èmi náà, torí ó wù mí kí n máa gbọ́ ohùn rẹ nínú ilé yìí láràárọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ènìyàn bá fi àbúrò rẹ̀ gbà, irú iṣẹ́ wo nìyẹn? Bí o bá fẹ́ wálé, máa bọ̀. Ìsọ̀ wà, ọwọ́ sì ti ń ro mí láti máa wọn aṣọ. Má bẹ Sùlù nítorí ohun tó jẹ́ tìrẹ.

Kí Ọlọ́run má ṣe gbé ọ dé ipò tí wàá fi máa fura sí ẹni tó bọ́ ọ. Kó pa Tinúkẹ́ mọ́ fún ọ, kó jẹ́ kí àwọn ọmọ yín ní ìtìjú lójú, kó sì mú ọ bọ̀ wálé láyọ̀. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tí kò lè kórìíra rẹ láé,
Mọ́rìlíátù.

Mo tún rántí èyí: bí o bá ti gba ohunkóhun lọ́wọ́ Sùlù lórí ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ, ìbáà ṣe aago ọwọ́ tàbí bàtà, dá a padà fún un lọ́sẹ̀ yìí. Bí o kò bá lè dá a padà, múra sílẹ̀: ìwọ ni yóò wá gbé níyàwó.