Kọ́bọ́ọ̀dù Tí Èmi àti Daddy Ń Kàn

                                        14, Òpópónà Akínkúnmi,
                                        Ìkòsí, Kétu,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        16 Oṣù Kẹwàá, 2025.

Fadékẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ohun tí mo rí láàárọ̀ Sunday nìyí: sálúbàtà Daddy lẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú síta. Kẹ́tùlù àlùwàlá wọn, omi kún inú rẹ̀, wọn ò tíì fọwọ́ kàn án. Sáńpépà lórí àga, ìyẹ̀fun pákó lára rẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù wa láàárín pálọ̀, kò tíì ní ilẹ̀kùn. Àti Mummy lẹ́nu ọ̀nà yàrá, wọ́n ń wò mí.

Má bínú pé mi ò tíì kí ọ. Ṣé dáadáa ni o wà l'Ábẹ́òkúta? Mummy rẹ ńkọ́, ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n, ṣé ó ti rọlẹ̀? Mo rí gbogbo ìgbà tí o pè. Ohùn mi ni kò jáde, ni mo ṣe ní kí n kọ̀wé.

Daddy ti lọ, Fadékẹ́. Ojú oorun ni wọ́n gbà lọ, kí wọ́n tó pe ìrun Àsùbáà.

O mọ ampilifáyà wọn àti sípíkà méjèèjì, tó jẹ́ pé ilẹ̀ pálọ̀ ni gbogbo wọn wà. Ojoojúmọ́ ni Mummy ń pariwo: "Daddy Sàká, wáyà yín yìí ló máa gbé mi ṣubú o!" Daddy á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ìyá Sàká, gbẹ́sẹ̀ sókè díẹ̀ ni." Lẹ́yìn Iléyá ni wọ́n rí lọ́rì onípákó tí wọ́n fi ń kó ata wá sí Mile 12 nígbà tí wọ́n ṣì ń wakọ̀, tí àwọn tó ń ta irin àlòkù ń tú u palẹ̀ l'Ówódé Onírin. Wọ́n gba pákó ara rẹ̀ wálé. Pákó igi apá ni, ó ki, ọ̀dà búlúù ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́n ní, "Hidayat, èmi àtìwọ la máa fi kan kọ́bọ́ọ̀dù tí a máa kó wọn sí. Ìwọ lo lójú ìwọ̀n." Èmi ń wọ̀n, mò ń fi pẹ́ńsù fàlà, àwọn ń rẹ́ ẹ.

Nígbà tó kan ẹ̀yìn rẹ̀, a yá dírílì lọ́wọ́ Bùọ̀dá Jìmí káfíńtà, a lu àwọn ihò ńlá sí i kí wáyà lè gbabẹ̀ kọjá. Pákó róbótó tó jábọ́ nínú ihò, mi ò dà á nù. Daddy bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mi ò mọ̀. Mo kàn kó wọn sínú agolo mílíìkì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi pósí sin òkú lè má mọ̀: tiwa, aṣọ funfun la fi ń wé e, a ó wá to pákó bò ó nínú sàárè kí yẹ̀pẹ̀ má baà kàn án. Lẹ́yìn ìrun Àìlá ni wọ́n fẹ́ sin Daddy. Sunday ni, àwọn tó ń ta pákó ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bùọ̀dá Sàká, ẹ̀gbọ́n mi, wá a títí dé Gbàgádà. Pákó tí wọ́n ti fi da kọnkéré, tó ti jẹrà, ni wọ́n gbé dé. Ni Alfa bá yíjú sí kọ́bọ́ọ̀dù. Gbogbo wọn ń wò mí.

Èmi ni mo mú sikurudíráfà, tí mo tú u.

Alfa ní, "Pákó yìí dáa. Ṣùgbọ́n àwọn tẹ̀yìn níhò o, ọmọ mi. Yẹ̀pẹ̀ á gbabẹ̀ dà sí wọn lára."

Mo lọ mú agolo mílíìkì. Àwọn róbótó náà ti kéré sí ihò, irin dírílì ti jẹ wọ́n létí. Mo bẹ Alfa, wọ́n fún mi ní gígékù aṣọ funfun Daddy. Mo fi wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi òòlù gbá wọn wọlé jẹ́jẹ́. Mo gbé pákó sókè níwájú fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ ṣì ń yọ létí ọ̀kan. Mo yọ ọ́, mo tún un wé.

Bùọ̀dá Sàká ní, "Hidayat, ó ti tó, àkókò ń lọ."

Mo ní kò tíì tó. Ìwọ náà mọ̀ pé n kì í dá wọn lóhùn bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mi ò rí ìmọ́lẹ̀ kankan mọ́ ni mo tó gbé e lé wọn lọ́wọ́.

Obìnrin kì í bá wọn dé ìtẹ́ òkú nílé wa. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí títí ọ̀dà búlúù náà fi yà ní kọ́nà.

Àwọn tó ń kí wa ń sọ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fọmọ rọ́pò. Bùọ̀dá Sàká fẹ́ ká wáyà kúrò nílẹ̀ torí èrò, Mummy jágbe mọ́ wọn: "Fi í síbẹ̀!" Mummy fúnra wọn gbẹ́sẹ̀ sókè díẹ̀, wọ́n ré e kọjá.

Bá mi kí Mummy rẹ àti Testimony àbúrò rẹ. Sunday tó ń bọ̀ ni àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Tí o bá ráyè, jọ̀ọ́, wá jókòó tì mí.

Lálẹ́ ọjọ́ tí a sin Daddy, mo gbá ìyẹ̀fun pákó nílẹ̀. Mi ò lè da omi kẹ́tùlù wọn nù. Òun ni mo fi ṣàlùwàlá Iṣáì. Aago mẹ́wàá ti kọjá díẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn lélẹ̀.

                                        Tìrẹ náà ni mí,
                                        Hidayat Ọláwuyì.