Apá Ta Ni A Ó Fi Wọn Aṣọ Ìyá Mi?

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìdúró de ẹni tó ní òun kò ní pẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ láti ibi tí mo wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin kì í fẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Fúnmi àbúrò mi, ìwọ tó ń ka ìwé yìí sí wọn létí, mo kí ìwọ náà. Má fo ibì kankan, pàápàá ibi tí mo bá ti ń bú ara mi.

Nígbà tí mo ń kúrò ní Òmù-Àrán, mo ní mo fẹ́ lọ kí Dàpọ̀ ọmọ mi àti ìyàwó rẹ̀ ní Kàmbódíà ni, oṣù mẹ́ta péré. Ọdún kẹta rèé. Ilé-ẹ̀kọ́ kan níbí ló ní kí n wá máa kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Lókrú ni wọ́n ń pè mí, ìyẹn ọ̀gá olùkọ́, wọ́n á sì pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ síwájú àyà tí wọ́n bá ń kí mi. Ẹni tí wọ́n ti fún ní aago ògiri pé kó máa lọ sinmi lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí irú èyí bá tún dé bá a, orí rẹ̀ á wú. Tèmi wú. Ooru ibí dà bí ti oṣù kẹta lọ́dọ̀ wa, àfi pé kì í tán. Òjò ibí sì ń wọlé bí àlejò tí kò kànkùn. Lọ́jọ́ Àìkú, tí àwọn Dàpọ̀ bá ti jáde, ìkòkò ọbẹ̀ ni mo máa ń bá sọ Ìgbómìnà, kí ahọ́n mi má baà gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ni mo fẹ́ sọ. Lọ́dún tó kọjá, ẹ ní kí n fi aṣọ kan ránṣẹ́ tí ẹ ó máa wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tí kò ní wúwo. Èmi lókrú, mo ra èyí tó wọ́n jù lọ nínú ìsọ̀, sílíìkì oníwúrà tó le bíi páálí. Mo na apá ara mi, mo fi wọ̀n ọ́n láti ìgbọ̀nwọ́ dé orí ìka, mo tún fi díẹ̀ lé e nítorí mo rántí bí ẹ ti sanra tó. Ẹ gbà á, ẹ súre fún mi títí kírẹ́díìtì fi tán. Ó pẹ́ kí Fúnmi tó sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ wọ̀ ọ́, pé ó rí lára yín bí ẹni tí wọ́n fi ẹní wé, àti pé Àlájà iwájú ilé wa béèrè bóyá ẹ̀yin lẹ ru aṣọ ni, tàbí aṣọ ló ru yín. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, n kò lè rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo ní n ó tún un ṣe. Mo ra ìwé àkọsílẹ̀, mo di ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Aṣọ ni wọ́n ń pè ní kronat. Ohun tó wọ́n ni tlai. Tí ẹ bá sì fẹ́ fi nǹkan méjì wéra, ẹ ó fi jiang tì í lẹ́yìn: tlai jiang, ó wọ́n ju ìyẹn lọ, sral jiang, ó fúyẹ́ jù ú lọ. Bong ni mo ń pe obìnrin aláṣọ tí mo ń bá rà, ìyẹn ẹ̀gbọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fura pé èmi ni mo dàgbà jù. Tlai jiang ni mo kọ́kọ́ mọ̀ dunjú. Bong fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ojú owó nìkan ni mo fi ń wo aṣọ, n kò fọwọ́ kan án rí. Ó fa ọwọ́ mi, ó fi í pa aṣọ òwú kan lára, ó ní kí n wí i: sral jiang. Mo rántí bí ẹ ti máa ń fi aṣọ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí ẹ tó ná an.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí tiyín: òwú aláró, ó fúyẹ́ bí èémí. Bong ti mú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ kó tó bi mí pé báwo ni ìyá mi ti rí. Ṣé ó ga jù mí ni? Mo ní rárá. Ṣé ó sanra jù mí, àbí ó rù jù mí, skom jiang? Ìyá mi, mo mọ ọ̀rọ̀ náà. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé, mo sì lè pè é dáadáa. Ìdáhùn rẹ̀ ni n kò mọ̀. Mo tún na apá mi bí aláìnítìjú. Ó gbọn orí, ó ní ṣé èmi ni màá wọ̀ ọ́ ni?

Ẹ̀yin gan-an lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀, láyé ìgbà tí ẹ ń hun kíjìpá lórí òfì tó fara ti ògiri yàrá ẹ̀yìn. Ẹ ní apá ẹni tí yóò wọ aṣọ ni a fi ń wọn aṣọ. Oníbàárà tó bá rán ènìyàn wá láti Rore, ẹ ó ní kí ẹni náà padà lọ pe ẹni tó ni apá wá.

Fúnmi ní òun lè fi okùn wọn apá yín, kí òun ya fọ́tò okùn náà ránṣẹ́. Mo dúpẹ́, mo kọ̀. Irú nǹkan báyìí ló sọ mí di ohun tí mo dà. Fúnmi ló ń gbé yín dìde láàárọ̀, òun ló ń bá yín wọkọ̀ kọjá Ganmo lọ sí ọsibítù n'Ílọrin. Èmi ń fi owó ránṣẹ́, àwọn ará ilé sì ń pè mí lọ́mọ rere. Owó mi kò gbé yín dìde rí.

N kò jẹ́ kí bong gé aṣọ náà. Odindi ìdì ni mo rà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti sọ lórí fóònù pé mo ń bọ̀, tí mo tún rí àwáwí: ìdánwò àwọn ọmọ, àgbàrá òjò. Ìdí nìyí tí mo fi kọ èyí sínú ìwé ìròyìn tí gbogbo ará ilé ń kà, kí n má lè sẹ́ ẹ. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Kí iṣu tuntun Agbamu tó dé ọjà, n ó ti wà nílé. Bí n kò bá dé, mo bẹ gbogbo ẹ̀yin tí mo nà rí nítorí pé ẹ pẹ́ dé ilé-ìwé: ẹ ṣí ìwé ìpe-orúkọ, ẹ pe orúkọ mi sókè, kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò wá.

Ẹ bá mi kí Àlájà, ẹ ní kó ṣì fi ẹnu rẹ̀ pamọ́ dè mí. Ẹ kí àwọn ìyá ìjọ àti gbogbo agboolé. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí n bá yín lókè eèpẹ̀, kí ojú yín má rí ìpọ́njú. Fúnmi, Ọlọ́run yóò fún ọ ní ẹni tí yóò gbé ọ dìde lọ́jọ́ alẹ́.

Ìyá mi, ẹ má tíì na apá yín fún ẹnikẹ́ni kó wọ̀n ọ́n. Ẹni tó ni ín ni mo ń bọ̀ wá bá.

Èmi ni ọmọ yín, tí aṣọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ láìgé,
Àjàní.