Igbe Ẹyẹ Inú Fóònù Mi

Àbámẹ́ta, 7 Oṣù Kẹta
A tún lọ wá Ìyàwó Tuntun. Orúkọ tí Bàámi sọ ẹyẹ náà nìyẹn, torí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ojú òun. Ọdún mọ́kànlá ni Bàámi àtàwọn àgbà ẹgbẹ́ wọn tó ń ṣọ́ ẹyẹ kiri ti ń wá a. Bàámi ni akọ̀wé. Ọwọ́ wọn ni ìwé ńlá wà, tí wọ́n ń kọ gbogbo ẹyẹ tí wọ́n bá rí tàbí tí wọ́n bá gbọ́ sí.

Wákàtí mẹ́rin létí àbàtà. Ẹ̀fọn. Agbẹjọ́rò — ọmọ mi tí kì í gba ohunkóhun láìjiyàn — ń fà mí láṣọ pé ká máa lọlé. Aṣọ oníbàárà méje ló sì ń dúró de ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Mo bọ́ sẹ́yìn igbó bí ẹni tó fẹ́ tọ̀, mo tẹ igbe ẹyẹ náà, tí mo ti gbà sórí fóònù mi láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí Bàámi lè gbọ́ ọ ká sì máa lọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ìgbà tí mo yíjú, Agbẹjọ́rò wà lẹ́yìn mi.

Mo padà bá Bàámi, omi ti lé sí wọn lójú. Wọ́n bi mí bóyá mo gbọ́. Mo ní mo gbọ́. Ó kúkú jẹ́ òótọ́. Ojú gbà mí tì.

Àìkú, 8
Bàámi ti kọ ọ́ sínú ìwé. Wọ́n ń kọrin ní balùwẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 10
Agbẹjọ́rò bi mí nídìí oúnjẹ pé ìgbà wo la máa sọ fún Bàbá àgbà. Mo ní kó jẹun. Èmi tí mo nà án lóṣù tó kọjá torí irọ́! Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tíì lò tó ọjọ́ mẹ́rin, ó ti rẹ̀ mí.

Ọjọ́bọ̀, 12
Mo lọ jẹ́wọ́. Mo dé ẹnu ọ̀nà Bàámi, mo ní mo wá wọn ṣòkòtò wọn ni. Mo wọ̀n ọ́n. Mo padà sílé. Ojo paraku.

Ẹtì, 13
Gbogbo ẹgbẹ́ ń lọ sí àbàtà náà lọ́la. Bàámi ní kí n bá àwọn lọ — èmi ni ẹlẹ́rìí.

Àbámẹ́ta, 14
Mo jẹ́wọ́, nínú ọkọ̀, kí àwọn yòókù tó dé. Bàámi ò wò mí. Wọ́n ní kí n má sọ ọ́ sétí ẹlòmíràn.

Nígbà tí ẹgbẹ́ pé, Bàámi ṣí fìlà. Wọ́n ní kí wọ́n má bínú, òun ló ṣì í gbọ́, etí àgbà ti ń tan òun jẹ. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Tíṣà àgbà, olórí wọn, kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n rọra béèrè pé àwọn ẹyẹ tó kù nínú ìwé ńkọ́, àwọn tó jẹ́ etí Bàámi nìkan ló gbọ́ wọn, ṣé ìyẹn dájú? Bàámi gbé ìwé náà fún Tíṣà. Ogún ọdún ni wọ́n ti ń kọ ọ́.

Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo dúró sí. Mo lẹ́nu tí mo lè fi sọ òótọ́. Tíṣà yíjú sí mi, wọ́n ní kí n máa tọ́jú bàbá mi dáadáa o, ogbó ti dé.

Mo ní ẹ ṣé, sà.