Ọwọ́ Ẹja

                                        6, Òpópónà Àyànníyì,
                                        Ọ̀nà Ailegun,
                                        Èjìgbò, Èkó.
                                        Ọjọ́ keje, oṣù Kẹrin, 2025.

Àjíbíkẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe,

Ṣé ara le? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àbí o ṣì ń jókòó gbàdúrà bí olorì? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé òjò ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìpẹ́rù? Èmi wà dáadáa. Eyín kan tún jábọ́ lẹ́nu mi, n kò wá a.

Ògúnjìmí, ọkọ Bọ́lájí ọmọ mi, ní òun á bá mi tẹ lẹ́tà yìí sórí fóònù. Mo kọ̀. Ìwé kẹta tí mo kà dé ṣì wà lágbárí mi. Bí o kò bá rí i kà, ojú rẹ ni kí o bá wí.

O mọ̀ pé mo ti ń gbé lọ́dọ̀ wọn láti ọdún tó kọjá. Ilé wa ló mọ́ jù ní Èjìgbò. Abọ́ tèmi lọ́tọ̀, ṣíbí tèmi lọ́tọ̀, bí ẹni tó ní ikọ́ ife. Bí o bá ti ìta wọlé, bàtà á dúró síta, ọwọ́ á wọnú omi jíìkì. Ọjọ́ tí mo dé, mo na ọwọ́ láti gbé Shalom, ọmọ wọn tó ń pè mí ní Màmá Òṣòdì. Bọ́lájí fa ọmọ sẹ́yìn. “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ ẹja ni.”

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ta ẹja yíyan ní Òṣòdì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin! Ọwọ́ ẹja yẹn ló rán an lọ sí yunifásítì, níbi tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá ìdọ̀tí mọ̀. Mo kí i kú iṣẹ́.

Mo rò pé ìgbéraga ni, àfi ọjọ́ tó gbàgbé láti wọ ìbọ̀wọ́. Awọ ọwọ́ rẹ̀ ti bó, ẹ̀jẹ̀ ń yọ láàárín ìka, bí ọwọ́ ẹni tó ń po símẹ́ńtì. Kò lè dì mọ́ Shalom àfi tó bá kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́, ara ọmọ náà sì ti ń bó. Ògúnjìmí ní bí ó bá di ọdún Àjíǹde tí kò yí padà, òun á gbé ọmọ òun lọ sọ́dọ̀ ìyá òun ní Abẹ́òkúta.

Èmi tí mo gbọ́n ju gbogbo yín lọ, mo mú un lọ sọ́dọ̀ wòlíì. Wòlíì ríran. Ó ní kó fi ọṣẹ tuntun àti kànìnkànìn tuntun wẹ̀ lẹ́ẹ̀méje lójúmọ́, fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Àjíbíkẹ́, ẹni tí ìwẹ̀ ń pa, a ní kó máa wẹ̀! Tayọ̀tayọ̀ ni Bọ́lájí fi gbà á. Ta ló ń pọn omi? Èmi ni. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, kò lè di ṣíbí mú mọ́.

La bá gba ilé ìwòsàn ìjọba lọ. Dókítà Dúrósinmí, ọmọdébìnrin tí mo lè bí ìyá rẹ̀, ní kì í ṣe ẹ̀mí kankan, àìsàn ọpọlọ ni, kì í sì í ṣe wèrè. Lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n fi ń pè é, O-C-D, bí orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú. Ó ní èrò ìdọ̀tí á wọlé sí i lọ́kàn, ẹ̀rù á bà á, á wẹ̀, ẹ̀rù á lọ, á tún padà. Mo ní ó ti yé mi: àwọn ọmọ ìta Òṣòdì ni. Bí o bá fún ọ̀kan lówó lónìí kó lè máa lọ, lọ́la á mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá.

Dókítà fún Bọ́lájí lóògùn. Ó wá kọjú sí mi, ó ní èmi náà ń bọ́ àìsàn yẹn. Èmi! Ó ní nígbàkígbà tí Bọ́lájí bá bi mí pé “Mọ́mì, ṣé ó ti mọ́?” tí mo sì ní ó ti mọ́, oúnjẹ ni mò ń gbé fún un. Mo bi í pé kí ni kí n wá máa sọ. “Màmá, ẹ dákẹ́ ni.” Ẹni tó sọ irú rẹ̀ fún mi rí kò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Wọ́n ní kí Bọ́lájí kọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, láti orí kékeré dé orí ńlá. Ọwọ́ ilẹ̀kùn ló fi bẹ̀rẹ̀. Bàtà tẹ̀ lé e. Ohun tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tó burú ju ṣáláńgá lọ: “ọwọ́ ìyá mi.” N kò sunkún. Àlùbọ́sà ni mò ń gé.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí: á di nǹkan náà mú, kò ní fọwọ́, á dúró títí ẹ̀rù á fi rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọjọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó làágùn, ó bẹ̀ mí pé kí n ṣáà sọ ọ̀rọ̀ kan. Mo jókòó síwájú rẹ̀ bí ẹni tó fi omi sẹ́nu, wákàtí kan ó lé. Ẹnikẹ́ni kò kú.

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá ló kàn mí. Mo ra ẹja yíyan, mo fọwọ́ já a, òróró bò mí dé ọrùn ọwọ́. Bọ́lájí wò mí títí. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Ó ń sunkún. Èmi ni mo fẹ́ dìde lọ bu omi fún un, ló bá ní, “Mọ́mì, ẹ jókòó.” Mo jókòó. Èmi náà! Nígbà tó pẹ́, ó pe Shalom, ó sì fi ọwọ́ yẹn gan-an gbé e mọ́ra. Shalom gbóòórùn rẹ̀, ó ní, “Mọ́mì, ẹ ń rùn bíi Màmá Òṣòdì.” Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín. N kò tí ì gbọ́ irú ìwọ̀sí tó dùn tó bẹ́ẹ̀.

Kò tí ì tán o. Ní ìrọ̀lẹ́ ó ṣì fọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹni tó ń fọ̀ ọ́ lógójì ìgbà. Ògúnjìmí kò sì dárúkọ Abẹ́òkúta mọ́.

Bá mi kí àwọn ọmọ, kí o sì kí pásítọ̀ yín tó ń wàásù bí ẹni ń polówó. Ẹja wà nínú páálí tí mo fi rán awakọ̀ sí ọ. Bọ́lájí ló fi ọwọ́ lásán dì í. Má fọ̀ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Èmi ni tìrẹ, ẹnu mi kò tí ì rọ̀,
Ìyá Bọ́lájí.